Aago Rọ́bà Lábẹ́ Kóòtù

Ọjọ́ kẹfà, Oṣù Kìíní

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú àtijọ́, ẹ kú àárò wa, ẹ kú ojú lọ́nà. Ṣé ara yín le? Ṣé orúnkún yẹn ti ń jẹ́ kí ẹ gbádùn? Ní ti àwa, ẹ wá ibì kan jókòó sí kí ẹ tó máa kà á lọ, nítorí ayọ̀ inú lẹ́tà yìí lè ti àgbàlagbà ṣubú. Bàbá, mo ti di ìyàwó! Mo mọ̀ pé ẹ wà níbẹ̀, ẹ̀yin gan-an lẹ fà mí lé ọkọ mi lọ́wọ́, ṣùgbọ́n títí di òní, tí mo bá lajú láàárọ̀, mo ṣì máa ń wo ẹ̀gbẹ́ mi bóyá àlá ni. Kì í ṣe àlá. Ó ń hanrun.

Yàrá wa kò tóbi. Tí mo bá fẹ́ ṣí kọ́bọ́ọ̀dù, ọkọ mi ní láti gun orí bẹ́ẹ̀dì ná. Ẹ̀yìn ilé ìfọṣọ kan ni fèrèsé wa dojú kọ, nítorí náà gbogbo afẹ́fẹ́ tó ń wọlé tọ̀ wá ló ń rùn bí ọṣẹ. Mo fẹ́ràn rẹ̀! Mo ti gbé ẹ̀rọ ìránṣọ mi sí abẹ́ fèrèsé náà, àwọn ará ilé sì ti ń gbé ṣòkòtò wá kí n bá wọn ṣẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀.

Ìròyìn wá dé o. Ọkọ mi ti bọ́ lọ́wọ́ ẹrù gbígbé. Ó ti ríṣẹ́ ọ́fíìsì, ní ilé iṣẹ́ adójútòfò kan! Oṣù mẹ́ta ni wọ́n máa fi dán an wò. Tí ó bá yege, wọ́n á fún un ní ìwé iṣẹ́ gidi, ìwé yẹn la sì máa fi gba àṣẹ ìgbélùú. Tí a bá ti gba ìyẹn, a lè kọ̀wé pè yín wá. Bàbá, ẹ máa rí fèrèsé mi!

Mo bá a ra kóòtù aláwọ̀ eérú, ṣẹ́ẹ̀tì funfun méjì àti táì kan. Nígbà tó wọ̀ ọ́ tán, mo patẹ́wọ́. Ohun kan ṣoṣo ló kù tí kò bá a mu: aago yín. Ẹ mọ bó ṣe rí, rọ́bà dúdú, ó ga lórí ọrùn ọwọ́ rẹ̀ bí ìjàpá. Ẹnu ọwọ́ ṣẹ́ẹ̀tì kò lè pàdé. Mo tú bọ́tìnnì, mo sún un síwájú, síbẹ̀ ìjàpá ń yọrí. Àwọn tó kù ní ọ́fíìsì, aago pẹlẹbẹ ni tiwọn, pẹ̀lú awọ tín-ín-rín. Ní ọjọ́ kẹta, máníjà wọn dúró níwájú rẹ̀, ó ní, "Kí nìyí? Ṣé bọ́ǹbù lo so mọ́wọ́ ni?" Ẹ mọ ọkọ mi, Olóhùn-kan tí ẹ sọ ọ́ kò purọ́. Ó ní, "Rárá o, sà. Bàbá ìyàwó mi ló fi ń fọ́ àpáta." Nígbà tó sọ ọ́ fún mi, mo rẹ́rìn-ín títí tí ará òkè fi lu ilẹ̀ lórí wa.

Àfi bí ẹni pé aago náà gbọ́, nínú ìpàdé ọjọ́ kejì, ní aago méjìlá ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ló bá bẹ̀rẹ̀: pí-pí, pí-pí, pí-pí, ìṣẹ́jú kan gbáko, bó ṣe máa ń ṣe nílé. Bọ́tìnnì tó yẹ kó pa á lẹ́nu mọ́ sì ti wọlé. Ọkọ mi kàn jókòó tì í títí ó fi ké tán ni.

Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ọ̀rọ̀ kékeré ni. Ẹ̀yin lẹ dè é mọ́ ọn lọ́wọ́ lójú ẹbí, tí ẹ ní kò gbọdọ̀ kúrò lọ́rùn ọwọ́ rẹ̀ títí ojú yín á fi tún ríra. Mo ní kó bọ́ ọ lọ́jọ́ iṣẹ́ nìkan, ó ní ẹnu tó so ọ̀rọ̀ ló gbọ́dọ̀ tú u. Ẹ bá wa tú u. Ìlà kan péré ti tó.

Èmi ni ọmọ yín tí inú rẹ̀ ń dùn bí ẹni tó jí oyin mu,
Arẹ́rìn-ín


Ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n, Oṣù Kìíní

Ọmọ mi Arẹ́rìn-ín,

Mo kí ọ, mo kí ọkọ rẹ. Orúnkún wà níbẹ̀, mi ò lè ní kò sí. Mo ka lẹ́tà rẹ lẹ́ẹ̀mejì. Nígbà àkọ́kọ́ mo rẹ́rìn-ín débi pé aládùúgbò yọjú wò mí. Nígbà kejì ojú mi le.

O ní aago kò bá kóòtù mu. Ta ló bi kóòtù? Ọ̀gá àgbà ibi tí a ti ń fọ́ òkúta máa ń wọ kóòtù wá, pẹ̀lú táì, pẹ̀lú aago góòlù tó ń dán yanran. Ṣùgbọ́n tí a bá ti ki ẹ̀tù sínú àpáta tán, tó ku kí a yìn ín ní aago méjìlá, ṣé ọwọ́ ara rẹ̀ ló máa ń wò? Ọwọ́ èmi ni. Á ní, "Bàbá Oníṣẹ́jú, ó ku mélòó?" Aṣọ ńlá kọ́ ni ènìyàn ńlá. Aago tí òkúta bà tí kò fọ́, tó ti kó èèyàn ogójì kúrò lẹ́nu ikú lójoojúmọ́, ìyẹn ni ẹni tó ń jókòó sórí àga ní kò bẹ́gbẹ́ mu.

Ṣùgbọ́n ìyẹn kọ́ ló dùn mí. Ọ̀rọ̀ lè yé mi, èmi náà ti ṣiṣẹ́ lábẹ́ ọ̀gá rí. Irọ́ ló dùn mí. O ní aago náà ké. Aago yẹn kò lóhùn. Ọjọ́ tí òkúta bà á, tí bọ́tìnnì rẹ̀ wọlé, ọjọ́ náà ni ohùn rẹ̀ kú, kò sì dún mọ́. Ọdún méjì gbáko ni mo fi aago tó yadi ṣiṣẹ́, ojú lásán ni mo fi ń wò ó, títí o fi parí ilé-ìwé tí mo sì fẹ̀yìn tì, kò sì sí ẹni tí òkúta já lù. Nígbà tí etí tèmi náà wá di lẹ́yìn ìyẹn, mo ní ó dára, aago ló kọ́kọ́ lọ, èmi ni mo tẹ̀lé e. Báwo wá ni odi ṣe ń kígbe ní ìpàdé?

Tí ìtìjú mi bá ń ṣe ọkọ rẹ, kó sọ ọ́ bí ọkùnrin. Kí ó má fi ọ́ sẹ́nu ọ̀nà, kó ní kí o máa bá òun hun irọ́. Mi ò tú u. Títí ojú wa á fi ríra ni mo wí.

Má sì tún ní kí ẹnikẹ́ni gbé fóònù wá bá mi. Ètè ẹni tó wà níwájú mi ni mo fi ń gbọ́ràn. Fóònù kò ní ètè, èyí tó sì ń fi àwòrán hàn, jìgìjìgì ló ń gbọ̀n.

Bàbá rẹ


Ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún, Oṣù Kejì

Bàbá mi,

Ẹ má bínú. Mo dọ̀bálẹ̀ bí ọkùnrin, mo tún kúnlẹ̀ bí obìnrin. Lẹ́tà yín dé lánàá, láti ìgbà náà ni mi ò ti lè rán aṣọ kankan kó tọ́.

Àṣìṣe ni mo kọ. Kì í ṣe aago yín ló ké. Fóònù ẹnìkan nínú ìpàdé ni. Inú mi ló dùn jù tí mo fi kó ọ̀rọ̀ pọ̀ mọ́ra wọn, ẹ mọ ọmọ yín. Aago yín kò dún rárá. Ẹ jẹ́ kó parí síbẹ̀, ẹ jọ̀ọ́.

Ìtìjú yín kò ṣe ọkọ mi, Bàbá. Ẹni tí kò mọ bàbá tó bí i, ẹ̀yin lọkùnrin àkọ́kọ́ tó so nǹkan mọ́ ọn lọ́wọ́. Tí ó bá ń wẹ̀, ó máa ń fi ọṣẹ fọ àárín rọ́bà náà bí ẹni ń wẹ ọmọ tuntun. Mo ní kó fi sínú àpò, ó ní àpò kì í ṣe ọrùn ọwọ́. Mo ní kó dè é mọ́ ẹsẹ̀ lábẹ́ ìbọ̀sẹ̀. Ìyẹn, ó rò ó títí tíì rẹ̀ fi tutù, ó wá ní, "Ọrùn ọwọ́ ni Bàbá wí." Mo lè pa á, mo sì lè fẹnu kò ó lẹ́nu. Méjèèjì ló wá sí mi lọ́kàn lẹ́ẹ̀kan náà, mo sì mọ èyí tí mo ṣe.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ti ń le. Máníjà ti fún un ní ìwé ìkìlọ̀. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé aago àwọn tó ń ṣiṣẹ́ nínú erùpẹ̀ kò yẹ ẹni tó ń pàdé oníbàárà, pé ìrínisí ni ìsọnilọ́jọ̀. Mo rán àpò kékeré kan, aláwọ̀ eérú bíi ti kóòtù, mo fi fóòmù sí i nínú, mo fi wé aago náà. Ó wá dà bí ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ ṣẹ́. Obìnrin tó jókòó tì í ní, "Pẹ̀lẹ́ o, ṣé o ṣubú ni?" Ó ní, "Rárá, mo gbéyàwó ni." Fóòmù yẹn, kí rọ́bà má baà ha á lára ni o.

Ní ogúnjọ́ Oṣù Kẹta, àwọn oníbàárà ńlá ń bọ̀, òun ni wọ́n sì ní kó bá wọn sọ̀rọ̀. Ọjọ́ náà ni wọ́n máa mọ̀ bóyá wọ́n á gbà á. Bàbá, ẹ wo ibi tí a dé: aago kò gbọdọ̀ kúrò lọ́wọ́ rẹ̀ àfi tí ojú yín bá ríra. Tí kò bá sì kúrò lọ́wọ́ rẹ̀, ojú yín kò ní ríra. Mo ti yí i po, mi ò rí ilẹ̀kùn.

Lẹ́tà ń lo bí ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta lójú ọ̀nà. Ẹ kọ ọ́ lọ́jọ́ tí ẹ bá ti rí èyí.

Arẹ́rìn-ín yín


Ọjọ́ kẹjọ, Oṣù Kẹta

Arẹ́rìn-ín,

Lẹ́tà rẹ dé lọ́jọ́ márùn-ún sẹ́yìn. Má bínú pé mi ò kọ̀wé lọ́jọ́ náà. Mo kọ́kọ́ lọ síbì kan.

Fóòmù ló tú ọ fó. Mo jókòó, mo bi ara mi, ta ló ń fi fóòmù dí ohun tí kò lóhùn lẹ́nu?

Mo dìde, mo lọ sọ́dọ̀ Adáhò tí a jọ ṣiṣẹ́, ẹni tó ń dá ihò lu àpáta fún wa. Ó ń bọ́ ẹyẹlé rẹ̀. Mo dúró síwájú rẹ̀ níbi tí mo ti lè rí ètè rẹ̀, mo ní, "Lẹ́yìn ọjọ́ tí òkúta bà mí, ṣé aago mi ń dún?" Ó wo ilẹ̀. Mo ní kó gbójú sókè, nítorí tí ó bá wo ilẹ̀, mi ò gbọ́ ohun tó ń wí. Ó gbójú sókè. Ó ní, "Ojoojúmọ́."

Ó ní ohùn tín-ín-rín ló kọ́kọ́ máa ń sá kúrò létí àwa tó ń fọ́ àpáta. Mo ṣì ń gbọ́ ọ̀rọ̀ èèyàn nígbà náà, ìyẹn ló tàn mí jẹ. Ó ní gbogbo wọn ló mọ̀, pé màmá rẹ ló bẹ̀ wọ́n kí wọ́n má sọ, nítorí tí mo bá mọ̀, màá lọ sọ fún ọ̀gá fúnra mi, wọ́n á ní kí n máa lọ ilé, ọdún méjì sì kù kí o parí ìwé.

Ṣé o rántí pé ọdún náà ni màmá rẹ bẹ̀rẹ̀ sí í gbé oúnjẹ wá fún mi níbi iṣẹ́? Ṣáájú ìgbà náà, èmi ni mo ń gbé tèmi láàárọ̀. Mo ní kó yéé ṣe wàhálà, oòrùn ń pa á. Ó ní oúnjẹ gbígbóná ló dára fún mi. Á jókòó tì mí lórí òkúta pẹ̀lú abọ́ tánganran rẹ̀, tó bá di àkókò kan, á fọwọ́ kàn mí léjìká. Mo rò pé ó ní kí n wá jẹun. Màá ṣíjú wo aago, màá jágbe mọ́ ọn, "Ìwọ obìnrin yìí, ṣé oúnjẹ ló kàn báyìí? O ò rí i pé ó ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá?" Màá gbé àsíá pupa sókè, gbogbo èèyàn á sá. Á máa rẹ́rìn-ín. Ọdún méjì ni mo fi bá a wí lójoojúmọ́.

Mo lọ síbi tí a sin ín sí. Mo dúró títí.

Sọ fún ọkọ rẹ pé mo tú u. Ẹnu tó so ó náà ló tú u. Kó bọ́ aago náà, kó wọ kóòtù rẹ̀, kó lọ pàdé àwọn èèyàn ńlá. Má bínú pé mo pè ọ́ ní òpùrọ́ nígbà tí o ń sọ òtítọ́. Nígbà tí o wá ń purọ́, mo mọ ẹni tí o ń purọ́ nítorí rẹ̀.

Fúnra mi ni mo máa gbé lẹ́tà yìí lọ sí ilé ìfìwéránṣẹ́. Mo ti ń ka ọjọ́. Ó ku méjìlá. Ìgbésí ayé mi ni mo fi ka ìṣẹ́jú, n kò rí ohun tí mo lè ṣe sí èyí.

Bàbá rẹ


Ọjọ́ kẹsàn-án, Oṣù Kẹta

Bàbá,

Ẹ kú ìdákẹ́. Ojoojúmọ́ ni mò ń sọ̀ kalẹ̀ lọ wo àpótí lẹ́tà, ìwé ìpolówó ilé ìfọṣọ ni mò ń rí. Ó ku ọjọ́ mọ́kànlá. Ọkọ mi ti kọ́ ọ̀rọ̀ tó máa sọ sórí, ó ń sọ ọ́ fún mi bí mo ṣe ń ránṣọ, èmi náà ti mọ̀ ọ́n.

Ohun kan wà tó yẹ kí n sọ fún yín nípa aago yẹn, tí ẹ bá gbọ́ ọ, ẹ máa tú u lójú ẹsẹ̀. Mi ò lè sọ ọ́. Mo ṣèlérí fún Màmá lórí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀. Ẹ̀bẹ̀ nìkan ló wá kù fún mi, bí mo tilẹ̀ mọ̀ pé ìwé yìí lè pẹ́ dé. Ẹ bínú sí mi tó bá wù yín, ṣùgbọ́n ẹ tú u.

Ọmọ yín


Ọgbọ̀njọ́, Oṣù Kẹta

Bàbá mi,

Lẹ́tà yín dé lánàá.

Mo ti kọ́kọ́ ní mi ò ní sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ fún yín, ṣùgbọ́n a ti fi nǹkan pamọ́ fún yín tó. Ní ogúnjọ́, ọkọ mi bẹ̀ wọ́n kí wọ́n jẹ́ kí òun sọ̀rọ̀ ní aago mẹ́wàá. Aago méjìlá ku ogún ìṣẹ́jú ni wọ́n pè é. Ó ní òun sọ ọ́ dáadáa, pé wọ́n ń mi orí. Lẹ́yìn náà aago náà bẹ̀rẹ̀. Fóòmù mi kò lè ṣe nǹkan kan. Ọkọ mi fi ọwọ́ pamọ́ sẹ́yìn, gbogbo yàrá ṣì ń gbọ́ ọ. Máníjà ní, "Bọ́ ọ!" Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ fún un ní ìṣẹ́jú kan." Ó dúró ṣánṣán pẹ̀lú kóòtù rẹ̀ títí aago fi ké tán, ó wá tẹ̀síwájú níbi tó dé. Ó ní bàbá àgbà kan nínú àwọn oníbàárà náà tilẹ̀ rẹ́rìn-ín músẹ́. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, wọ́n fún un ní ìwé pé kó máa lọ. Ó gbé páálí kan wálé. Ife tíì rẹ̀ ló wà nínú rẹ̀, àti táì. Ó ní, "Mo sọ ọ́ dé ìparí." Mo rẹ́rìn-ín, mo sunkún, ó kàn ń fi ọwọ́ aláago yẹn pa mí lẹ́yìn.

Ó ti padà sídìí ẹrù gbígbé. Níbẹ̀, kò sí ẹni tó ní aago náà kò bá aṣọ mu. Àṣẹ tí a fi wà níbí máa tán ní Oṣù Kẹfà. A ò tíì mọ ohun tó kàn, n kò sì ní fi ìyẹn náà pamọ́ fún yín.

Ẹ̀bi yín kọ́ o, Bàbá. Tí ẹ bá fẹ́ mọ ẹni tó jẹ̀bi, èmi ni, èmi tí ayọ̀ pa bí ọtí tí mo kọ ohun tí Màmá fi pamọ́ títí tó fi kú sórí ìwé, tí mo tún lẹ sítáǹpù mọ́ ọn.

Mo ka lẹ́tà yín fún un láàárọ̀ yìí, ọjọ́ ìsinmi rẹ̀ ni. Mo kà á títí dé ibi abọ́ tánganran, ó gbà á, ó ka ìyókù. Nígbà tó parí, ó tú aago náà, ó gbé e sórí ẹ̀rọ ìránṣọ mi. Ọrùn ọwọ́ rẹ̀ funfun níbi tó ti wà, bí ojú ilẹ̀ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé òkúta kúrò. A jókòó síwájú rẹ̀, a ń wo nọ́ńbà. Ní aago méjìlá ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ó bẹ̀rẹ̀. Kò sí bọ́tìnnì tí a lè tẹ̀. A gbọ́ ọ tán.

Lẹ́yìn náà ó na ọwọ́ sí mi. Mo ní, "Bàbá ti tú ọ sílẹ̀." Ó ní, "Mo gbọ́." Kò gbé ọwọ́ náà kúrò. Mo bá a dè é padà.

Ó ní kí n kọ ọ́ fún yín pé òun ń gbọ́ ọ, ojoojúmọ́.

Arẹ́rìn-ín yín